Kí Ni Ohùn Kọ̀ọ̀kan Ń Ṣe? Lámèyítọ́ Àwo Orin Death Metal àti Thrash Abẹ́lẹ̀, láti California dé Belo Horizonte

Àṣamọ̀

Òṣùwọ̀n mẹ́ta ni àwọn olùgbọ́ àti àwọn alámèyítọ́ sábà máa ń lò láti ṣe ìdájọ́ àwo orin death metal àti thrash: ìdúróṣinṣin sí abẹ́lẹ̀, eré àti ipá, àti orírun. Iṣẹ́ yìí fi òṣùwọ̀n mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yẹ àwọn àwo orin kan wò, èyí tí púpọ̀ nínú wọn jáde láàrin ọdún 1986 sí 1996 ní Amẹ́ríkà, Swídìn àti Bràsíl. Ohun tí a rí ni pé òṣùwọ̀n kọ̀ọ̀kan lè sọ nǹkan fún wa nípa ọ̀nà tí àwo gbà dé ọ̀dọ̀ wa, ṣùgbọ́n kò lè sọ bóyá àwo náà dára. A dábàá pé ìbéèrè tí ó yẹ kí ó ṣíwájú ni èyí: kí ni ohùn kọ̀ọ̀kan ń ṣe nínú àwo, àwọn ohùn wo ni ó sì ń dá ara wọn lóhùn? Ìbéèrè náà kan ìmọ̀ Yorùbá gbọ̀ngbọ̀n nítorí àwo Roots ti ẹgbẹ́ Sepultura, níbi tí ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ ti pàdé gìtá oníná.

Kókó ọ̀rọ̀: death metal, thrash, lámèyítọ́, ohùn, Sepultura, Bràsíl

1. Ìfáàrà

Bí a bá gbé àwo orin death metal kalẹ̀ fún ẹni tí kò gbọ́ irú rẹ̀ rí, ìdájọ́ kan ni yóò tètè jáde lẹ́nu rẹ̀: ariwo ni. Bí a bá gbé e fún ẹni tí ó ti ń fetí sí i láti ogún ọdún wá, ìdájọ́ tirẹ̀ lè má gùn jù bẹ́ẹ̀ lọ: ojúlówó ni, tàbí ayédèrú ni. Ẹni àkọ́kọ́ kò tẹ́tí sílẹ̀ rárá. Ẹnì kejì tẹ́tí sílẹ̀, àmọ́ ohun tí ó ń wá kò sí nínú orin náà gan-an. Ẹ̀rí ni ó ń wá pé àwọn olórin náà ṣì jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́. Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Nínú ẹjọ́ tí à ń sọ yìí, orin fúnra rẹ̀ ni olùjẹ́jọ́ tí a kò pè.

Ó lè ya òǹkàwé lẹ́nu pé irú ọ̀rọ̀ yìí wọ inú jọ́nà ìmọ̀ Yorùbá. Ìdí rẹ̀ kò jìnnà. Ní ọdún 1996, ẹgbẹ́ Sepultura láti ìlú Belo Horizonte ní Bràsíl gbé àwo Roots jáde. Nínú orin kan lórí àwo náà, "Ratamahatta", Carlinhos Brown, ọmọ Salvador ní Bahia, kọrin, ó sì lo oríṣiríṣi ìlù àti ohun èlò, xequerê sì wà lára wọn. Ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ wa ni. Èdè Potogí kàn yí àkọtọ́ orúkọ rẹ̀ padà ni. Ìdẹwò ni irú nǹkan báyìí jẹ́ fún àwa tí a ń kọ́ni nípa Yorùbá ní òkè òkun. A ó gbọ́ ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀, inú wa ó dùn, a ó sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé àwo náà dára. Kí a tó mọ̀, ìwádìí nípa ibi tí nǹkan ti wá ti gba ipò ìdájọ́ nípa bí nǹkan ṣe rí.

Èrò iṣẹ́ yìí ni pé ohun méjèèjì yàtọ̀, àti pé orin abẹ́lẹ̀ yìí, pẹ̀lú gbogbo híhan ohùn rẹ̀, jẹ́ ibi tí ó dára láti fi ìyàtọ̀ náà hàn. Ó ní àwọn olùgbọ́ tí ó ń fi ìtara ṣe ìdájọ́, ó ní òṣùwọ̀n tí kò fara sin, ó sì ní àwọn àwo tí a lè fi wé ara wọn dáadáa. A ó kọ́kọ́ ṣàlàyé irú orin tí ó jẹ́, lẹ́yìn náà a ó yẹ òṣùwọ̀n mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Ti orírun ni a ó pẹ́ lé lórí jù, nítorí òun ni ó kàn wá jù.

2. Orin náà àti ohùn rẹ̀

Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980 ni thrash yọrí, pàápàá jù lọ ní California àti ní Jámánì. Ó mú ìwúwo heavy metal ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó sì fi eré punk kún un. Death metal tẹ̀ lé e. Àwo Seven Churches ti ẹgbẹ́ Possessed, tí ó jáde ní 1985, ní orin kan tí àkọlé rẹ̀ jẹ́ "Death Metal". Nígbà tí ẹgbẹ́ Death láti Florida fi máa gbé Scream Bloody Gore jáde ní 1987, ọ̀nà méjèèjì ti ń yà kúrò lára ara wọn. Gìtá sọ̀ kalẹ̀ sí ohùn ìsàlẹ̀. Akọrin kò fi ohùn gbangba kọrin mọ́; ó ń fi ọ̀fun bú ramúramù, ohùn rẹ̀ sì kẹ̀ bí ohùn ẹni tí ó ti pariwo láti àná.

Gbólóhùn gìtá ni ìpìlẹ̀ orin náà, ìyẹn ègé orin kúkúrú tí gìtá ń wí ní àwítúnwí kí ó tó gbé òmíràn. Orin tí ó ní ẹsẹ àti ègbè bí orin inú rédíò kò wọ́pọ̀ níbẹ̀. Ohun tí olùgbọ́ ń tẹ̀ lé ni bí gbólóhùn gìtá kan ṣe ń yọrí sí èkejì, àti bí ìlù ṣe ń sọ ìtumọ̀ gbólóhùn kan náà di méjì: bí ìlù bá sáré lábẹ́ rẹ̀, ìpayà ni, bí ìlù bá falẹ̀, ìwúwo ni.

Kí àwọn iléeṣẹ́ tó dá sí i, kásẹ́ẹ̀tì ni ó gbé orin yìí kiri. Ẹgbẹ́ olórin á gba orin mẹ́ta tàbí mẹ́rin sílẹ̀, wọ́n á fi ránṣẹ́ nílé ìfìwéránṣẹ́ sí ẹni tí wọn kò rí rí ní orílẹ̀-èdè mìíràn. Onítọ̀hún á ṣe ẹ̀dà rẹ̀, á sì fi ránṣẹ́ síwájú. Àwọn ìwé ìròyìn kéékèèké tí àwọn olólùfẹ́ orin ń fọwọ́ ara wọn ṣe ni ó so wọ́n pọ̀. Ohun tí abẹ́lẹ̀ túmọ̀ sí ní ìpilẹ̀ṣẹ̀ nìyẹn: ó jẹ́ orúkọ ọ̀nà tí orin ń gbà rìn. Ẹ̀yìn èyí ni ó di orúkọ ìwà, tí ó sì wá di orúkọ irú ìró kan.

Ẹ̀sùn tí a sábà máa ń fi kan orin náà ni pé ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò yé ni. Ẹni tí ó bá ti gbọ́ ohùn egúngún rí kò níí tètè gba ẹ̀sùn yìí. Ohùn kíkẹ̀ ni ó ń sọ fún wa pé ará ọ̀run ni ó dé. Bí egúngún bá sọ̀rọ̀ bí aládùúgbò wa, eré ti bàjẹ́ nìyẹn. A kò sọ pé death metal ti inú eégún jáde. Kò sí okùn kankan tí ó so àwọn ọ̀dọ́ Tampa mọ́ igbó ìgbàlẹ̀. Ohun tí à ń sọ ni pé lámèyítọ́ lítíréṣọ̀ alohùn wa ti mọ̀ tipẹ́ pé iṣẹ́ tí ohùn ń ṣe ni a fi ń wọn ohùn. Nínú iṣẹ́ Babalọlá (1966) lórí ìjálá, a rí i pé lójú agbo ni àwọn oníjàálá ti ń dá ara wọn lẹ́kun bí ọ̀kan bá ṣi ọ̀rọ̀ sọ. Ìdájọ́ ibẹ̀ kò dúró lórí ilé tí oníjàálá ti wá nìkan. Orí ohun tí ó wí àti bí ó ṣe wí i ni ó dúró lé.

Láti inú èyí ni a ti mú ìlànà tí a ó lò. Fún ohùn kọ̀ọ̀kan nínú àwo, yálà ti ènìyàn, ti gìtá tàbí ti ìlù, a ó bi ara wa pé: bí a bá yọ ọ́ kúrò, kí ni yóò bàjẹ́? Ohùn tí a lè yọ láìsí ohun tí ó bàjẹ́, ọ̀ṣọ́ ni. Ohùn tí àyọkúrò rẹ̀ ń wó orin, òpó ni.

3. Òṣùwọ̀n kìíní: ìdúróṣinṣin sí abẹ́lẹ̀

Kahn-Harris (2007) ti fi hàn bí àwọn ará àwùjọ orin yìí ṣe ń kó iyì jọ: iyì kan wà fún ẹni tí ó mọ ìtàn orin tí ó sì ń ṣiṣẹ́ fún àwùjọ, òmíràn sì wà fún ẹni tí ó tẹ ìlànà mọ́lẹ̀. Iyì méjèèjì máa ń yọ́ wọ inú ìdájọ́ àwo orin. Kásẹ́ẹ̀tì àkọ́kọ́ a di ohun mímọ́. Àwo tí wọ́n fi owó gidi ṣe a di ìwà ọ̀dàlẹ̀. Ìgbàgbọ́ tí ó wà nídìí rẹ̀ ni pé bí ìgbohùnsílẹ̀ bá ṣe rí wúruwùru tó ni òtítọ́ inú rẹ̀ ṣe pọ̀ tó.

A lè dán èyí wò, nítorí àwọn orin kan wà tí a ní ní ẹ̀dà méjì. Ní 1986, ẹgbẹ́ Morbid Angel láti Florida gba Abominations of Desolation sílẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n fi pamọ́. 1991 ni ó tó jáde. Láàrin ìgbà náà, ní 1989, wọ́n ti gbé Altars of Madness jáde, èyí tí wọ́n gbà sílẹ̀ ní sítúdíò Morrisound ní Tampa. "Chapel of Ghouls" wà lórí àwo méjèèjì. Nínú ti àkọ́kọ́, gìtá àti ìlù ń sáré lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ipá sì wà níbẹ̀, àmọ́ ààlà láàrin gbólóhùn kan àti èkejì máa ń dàrú mọ́ni lójú. Nínú ti 1989, Pete Sandoval ni ó ń lù. Ẹsẹ̀ rẹ̀ lórí ìlù ńlá ń dún lọ́kọ̀ọ̀kan, a sì ń gbọ́ ibi tí gbólóhùn gìtá kọ̀ọ̀kan pin sí. Ìpayà orin náà pọ̀ sí i nítorí pé ìtò rẹ̀ hàn. Bí ó bá jẹ́ pé wúruwùru ni ẹwà, àwo 1986 ni ó yẹ kí ó borí. Kò borí.

Ẹnìkan lè wá sọ pé a ti rí òfin nìyẹn: ìgbohùnsílẹ̀ tí ó mọ́ ni ó dára jù. Morbid Visions, tí Sepultura gbé jáde ní 1986, kò jẹ́ kí a lè sọ bẹ́ẹ̀. Ọ̀dọ́langba ni àwọn ọmọ ìyá méjì náà, Max àti Igor Cavalera, nígbà náà. Gìtá wọn kò bára mu dáadáa, ìlù ń ti ohùn síwájú bí ẹni pé ilẹ̀kùn fẹ́ tì mọ́ wọn. Ní 2023, tẹ̀gbọ́n-tàbúrò náà tún àwo yìí gbà sílẹ̀ látòkèdélẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́ tí ó ti dàgbà àti ẹ̀rọ tí ó dára. Ohun gbogbo wá wà ní ipò rẹ̀. Síbẹ̀, ohun kan ti lọ. Ìjàkadì láàrin ohun tí àwọn ọmọdé náà fẹ́ ṣe àti ohun tí ọwọ́ wọn lè ṣe wà lára orin 1986 gan-an. Òpó ni, kì í ṣe àbùkù lásán. Bẹ́ẹ̀ náà ni I.N.R.I. ti ẹgbẹ́ Sarcófago, tí ó jáde ní 1987 láti ìlú Belo Horizonte kan náà: ibi tí ìlù ti ń fẹ́ já gìtá jù sílẹ̀ ni ẹ̀rù orin náà wà.

Nítorí náà, ìmọ́tótó ìró àti wúruwùru rẹ̀ jẹ́ ohun èlò, bí igi àti awọ ṣe jẹ́ ohun èlò fún onílù. A kì í bi onílù pé awọ wo ni ó lò kí a tó gbọ́ ohun tí ìlù wí.

4. Òṣùwọ̀n kejì: eré àti ipá

Òṣùwọ̀n kejì rọrùn láti lóye: àwo tí ó yára jù, tí ó sì wúwo jù, ni ó dára jù. Reign in Blood ti Slayer, tí ó jáde ní oṣù Ọ̀wàrà 1986, ni a sábà máa ń fi ṣe ẹ̀rí rẹ̀. Orin mẹ́wàá ni ó wà lórí rẹ̀, gbogbo rẹ̀ kò sì ju nǹkan bí ìṣẹ́jú 29 lọ, débi pé gbogbo àwo náà wọ ojú kan kásẹ́ẹ̀tì, wọ́n sì tún tẹ̀ ẹ́ sí ojú kejì. Rick Rubin, ẹni tí a mọ̀ mọ́ orin hip-hop nígbà náà, ni ó bójú tó o. Ó yọ gbohùngbohùn tí ó bo Hell Awaits (1985) mọ́lẹ̀ kúrò, ìlù Dave Lombardo sì wá ń dún nítòsí bí ìgbà tí ènìyàn ń kan ilẹ̀kùn ilé wa.

Àmọ́ ẹ jẹ́ kí a gbọ́ ibi tí àwo náà ti ní agbára jù. Ní àárín "Angel of Death", ìlù fà sẹ́yìn, gìtá sì ń wí gbólóhùn kúkúrú kan lórí rẹ̀ láìkánjú. Ibẹ̀ ni ara olùgbọ́ ti ń mọ iye eré tí wọ́n ti ń sá láti ìbẹ̀rẹ̀. "Raining Blood" bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú òjò àti àrá, ìlù ń dún lẹ́ẹ̀mẹ́ta mẹ́ta, kí gìtá tó wọlé. Òjò náà ni ó sì pa àwo dé. Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ ni ó ń wọn ariwo. Àwọn àwo tí ó jáde lẹ́yìn rẹ̀ tí ó sì yá jù ú lọ pọ̀, àwọn tí ó ní irú ìtò yìí kò pọ̀.

Ìlànà wa kò sì jẹ́ kí a pa ọ̀rọ̀ orin tì. "Angel of Death" ń sọ nípa Josef Mengele, dókítà Násì tí ó fi àwọn ẹlẹ́wọ̀n Auschwitz ṣe ìdánwò. Nítorí orin yìí àti àwòrán ẹ̀yìn àwo náà ni iléeṣẹ́ Columbia fi kọ̀ láti pín in kiri. Geffen ni ó gbà á níkẹyìn. Àwọn tí ó gbèjà orin náà ní ó kàn ń ròyìn ibi ni. A gbà pé ìròyìn ibi kì í ṣe ìyìn ibi. Ṣùgbọ́n bí a bá béèrè ohùn tí ó wà níbẹ̀ àti èyí tí kò sí, a ó rí i pé ẹni tí wọ́n ṣe é sí ní ara tí a ń gé nínú orin yìí, kò ní ẹnu. Ohùn kíkẹ̀ tí ó lè jẹ́ igbe ẹni tí ìyà ń jẹ kò di igbe rẹ̀ rí. Àléébù gidi ni èyí jẹ́ nínú iṣẹ́ tí ó gbayì, ó sì yẹ kí lámèyítọ́ lè sọ méjèèjì pọ̀ láìjẹ́ pé ọ̀kan pa èkejì rẹ́.

Left Hand Path ti ẹgbẹ́ Entombed (1990) fi ìhà kejì òṣùwọ̀n yìí hàn, ìyẹn ti ìwúwo. Wọ́n gbà á sílẹ̀ ní sítúdíò Sunlight ní Stockholm lọ́wọ́ Tomas Skogsberg. Ẹ̀rọ kékeré kan tí ẹsẹ̀ ń tẹ̀, Boss HM-2, tí wọ́n yí gbogbo bọ́tìnnì rẹ̀ dé òpin, ni ó sọ ohùn gìtá wọn di ohùn ayùn tí ń la gẹdú. Ẹnikẹ́ni ni ó lè ra ẹ̀rọ náà, ọ̀pọ̀lọpọ̀ sì ti rà á. Ohun tí wọn kò rí rà ni ìgboyà tí ó wà nínú orin àkọ́kọ́ àwo náà: ní ìdajì ọ̀nà, eré dáwọ́ dúró, gìtá sì bẹ̀rẹ̀ orin fífalẹ̀ kan tí wọ́n mú láti inú fíìmù Phantasm ti ọdún 1979. Ayùn yẹn gan-an ni ó wá ń kọrin arò. Láìsí ìdajì kejì yìí, ìwúwo ìdajì àkọ́kọ́ kò ju ìwúwo ẹ̀rọ lọ.

5. Òṣùwọ̀n kẹta: orírun

Ilé là á wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Òwe yìí ni ó wà lẹ́yìn òṣùwọ̀n kẹta, ọgbọ́n sì wà nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n orúkọ ni òwe náà sọ. Kò sọ pé ilé ni a ó wò kí a tó mọ bóyá ọmọ mọ iṣẹ́ ṣe.

Ní 1984 ni wọ́n dá Sepultura sílẹ̀. Isà òkú ni orúkọ náà túmọ̀ sí. Ìjọba ológun tí ó gba Bràsíl ní 1964 parí ní 1985. Ní ọdún 1985 yìí náà ni Cogumelo, ilé ìtàwo kan ní Belo Horizonte, bẹ̀rẹ̀ sí í gbé àwo jáde, tí ó sì fi orin Sepultura àti ti ẹgbẹ́ Overdose sórí àwo kan ṣoṣo. Bí a bá fi òṣùwọ̀n orírun wọn àwọn iṣẹ́ ìbẹ̀rẹ̀ wọ̀nyí, a ó rí ẹ̀ṣù, sàréè àti òkùnkùn tí wọ́n yá lọ́wọ́ àwọn ẹgbẹ́ Yúróòpù, nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì tí kò tíì dá wọn lẹ́nu. Ní December 1988, Scott Burns wá láti Florida sí Rio de Janeiro láti bá wọn gba Beneath the Remains sílẹ̀. Roadrunner gbé e jáde ní 1989. Kò sí berimbau níbẹ̀, kò sí ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀. Gìtá jẹ́jẹ́ ni ó ṣí i, lẹ́yìn náà orin mẹ́sàn-án tí kò fi àyè sílẹ̀ fún àsọdùn. Nínú "Inner Self", gìtá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìrìn àgbà, ìlù sì ń dúró dè é. Nígbà tí eré bá bẹ́, a ti mọ̀ ọ́n lára pé ó ń bọ̀. Gìtá Andreas Kisser ń dá Max lóhùn, kì í gba ọ̀rọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu. Kò sí ohùn tí a lè yọ níbẹ̀ tí orin kò níí wó.

Chaos A.D. (1993) ni ó kọ́kọ́ mú Bràsíl wọlé ní gbangba. "Manifest" sọ ti ẹ̀wọ̀n Carandiru ní São Paulo, níbi tí àwọn ọlọ́pàá ti pa ẹlẹ́wọ̀n 111 ní oṣù Ọ̀wàrà 1992. "Kaiowas", tí kò ní ọ̀rọ̀, jẹ́ ti àwọn ará Kaiowá. Avelar (2003) ti ka orin Sepultura mọ́ ipò Bràsíl lẹ́yìn ìjọba ológun, a kò sì ní àtakò sí i. Ọ̀rọ̀ tiwa ni bí àwọn nǹkan wọ̀nyí ṣe ṣiṣẹ́ bí orin nígbà tí Roots dé.

Ross Robinson ni ó bójú tó Roots, ní ìlú Malibu ní California. Ẹgbẹ́ náà tún lọ sí abúlé àwọn Xavante ní Mato Grosso, níbi tí wọ́n ti gba "Itsári" sílẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a fi ìlànà wa yẹ orin méjì yìí wò.

Nínú "Ratamahatta", ohun èlò Carlinhos Brown ni ó gbé ìbẹ̀rẹ̀ orin ró. Ohùn tirẹ̀ àti ti Max ń ju ọ̀rọ̀ Potogí síra wọn; orúkọ Zumbi, aṣíwájú Palmares tí wọ́n pa ní 1695, wà láàrin wọn, àmọ́ ìró ọ̀rọ̀ náà ni wọ́n kọ́kọ́ mú lò, wọ́n ń fẹnu lù ú bí ìlù. Nígbà tí gìtá bá wọlé, ohùn díẹ̀ ni ó ń wí ní ìsàlẹ̀ pátápátá, ní àwítúnwí. Ipò tí ó jẹ́ ti ìyáàlù nínú orin thrash, gìtá ti fi sílẹ̀ fún ìlù, òun fúnra rẹ̀ sì di omele. Ìyípadà ipò yìí ni ẹwà orin náà. Orin tí ó lòdì sí àṣà ẹgbẹ́ wọn ni, síbẹ̀ wọ́n wà nínú rẹ̀ tán.

Ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ ńkọ́? Kí a sọ òtítọ́: lẹ́yìn tí gìtá bá ti wọlé, etí kì í fi bẹ́ẹ̀ rí i yà sọ́tọ̀. Ó jẹ́ ọ̀kan lára ọ̀pọ̀ ohun èlò Brown, lẹ́gbẹ̀ẹ́ surdo, timbau àti berimbau, tí orírun wọn kò papọ̀; berimbau tọ́ka sí Angola, kò tọ́ka sí wa. Bí a bá yọ ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ nìkan kúrò, "Ratamahatta" yóò ṣì dúró. Bí a bá yọ ìfohùn-dáhùn láàrin Brown àti Max, tàbí tí gìtá bá gba ipò ìyáàlù padà, orin ti wó. Nítorí náà, tí a bá yìn orin yìí nítorí ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀, ohun tí ó tọ́ ni a yìn, ìdí tí a fi yìn ín ni kò tọ́.

"Itsári" mú wa dé ìdájọ́ tí ó ṣòro. Àwọn Xavante ń kọrin, gìtá tí kò ní iná ń rìn jẹ́jẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Wọ́n ní ẹnu, èyí tí àwọn ẹlẹ́wọ̀n "Angel of Death" kò ní. Ọ̀wọ̀ wà níbẹ̀, ẹwà sì wà níbẹ̀. Àmọ́ orin náà dá dúró bí yàrá àlejò: a gbà wọ́n tọwọ́tẹsẹ̀, a kò sì jẹ́ kí ìtò ilé yí padà nítorí wọn. "Cut-Throat" àti "Spit" ń bínú ní ọ̀nà kan náà tí wọn ì bá gbà bínú bí kò bá sí ìrìn-àjò Mato Grosso. "Lookaway" gba Jonathan Davis ti ẹgbẹ́ Korn lálejò, Los Angeles ti àárín àwọn ọdún 1990 ni a sì ń gbọ́ nínú rẹ̀. Àwo tí ó lé ní wákàtí kan, tí àkọlé rẹ̀ túmọ̀ sí gbòǹgbò, ní California nínú tó bí ó ṣe ní Bràsíl. Ìyẹn kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Àkọlé àti ìfẹ́ orírun ni kì í jẹ́ kí a gbọ́ ọ.

Ìdájọ́ wa nìyí: "Ratamahatta" ni orin tí ó ga jù tí Sepultura ṣe, ṣùgbọ́n Beneath the Remains, tí kò ní ohun èlò Bahia kankan, dára ju Roots lọ gẹ́gẹ́ bí àwo. Ẹni tí orírun nìkan jẹ lógún kò lè dé ibi ìdájọ́ yìí. Yóò fi Beneath the Remains sílẹ̀ pé ó ń fara wé Amẹ́ríkà, yóò sì gba gbogbo Roots wọlé nítorí orin méjì.

6. Àgúnlẹ̀

Òṣùwọ̀n mẹ́ta tí a yẹ̀ wò kì í ṣe asán. Abẹ́lẹ̀ ń sọ ọ̀nà tí àwo gbà rìn, eré àti ipá ń sọ ohun tí ó ń lò, orírun ń sọ ibi tí àwọn ohùn rẹ̀ ti wá. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà, ó sì yẹ kí onímọ̀ tọ gbogbo wọn. Àṣìṣe ni kí a dúró sí ẹnu ọ̀kan nínú wọn kí a sì sọ pé a ti ná ọjà.

Ohun tí èyí bi fún iṣẹ́ tiwa kò kéré. Ìwádìí lórí Yorùbá ní Bràsíl àti Kúbà ti mọ̀ bí a ṣe ń rí ohun tí ó kù: orúkọ òrìṣà, ọ̀rọ̀ inú orin, ohun èlò. Iṣẹ́ iyebíye ni, kò sì tíì tán. Ṣùgbọ́n olórin Bahia kì í ṣe olùṣọ́ ilé ìṣúra wa. Ó mú ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ nítorí ohun tí ó fẹ́ fi ṣe lọ́jọ́ náà, ó sì lẹ́tọ̀ọ́ pé kí a gbọ́ ohun tí ó ṣe. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá kọ̀wé pé ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ wà nínú orin kan, ìbéèrè tí ó yẹ kí olùkọ́ kọ sí etí ìwé rẹ̀ ni pé: kí ni ó ń ṣe níbẹ̀, ta ni ó sì ń dáhùn?